Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ ìgégi ńlá yẹn

Ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì gbé ẹ̀rọ ìgégi wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ísẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, Stihl 070 ni, irú èyí tí àwọn onípákó fi ń la igi nínú igbó, ẹ́ńjìn ẹ̀ ju 100 cc lọ (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìn ṣe tóbi tó), ó wúwo débi pé ọmọ tó ń bá wọn gé igi ìdáná ò lè lò ó fún wákàtí kan kí apá ẹ̀ má máa gbọ̀n. Wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, èyí tí wọ́n ní ó lágbára jù ni mo rà o, ó ń mu epo bí ẹni ń mumi, kò dẹ̀ gégi mọ́, ẹ bá mi tú ẹ́ńjìn ẹ̀." Mo ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo ṣéènì ẹ̀ ná. Eyín ṣéènì yẹn ti kú, mo fi èékánná tọ́ ọ wò, kò ha èékánná rárá. A ò tú ẹ́ńjìn kankan, fáìlì la mú, kó tó tó ìṣẹ́jú 30 ẹ̀rọ yẹn ti ń wọ igi ayin bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu.

Ṣéènì ló ń gégi, ẹ́ńjìn kàn ń fà á ni. Tí èyí bá yé yín, owó púpọ̀ ti dúró sápò yín nìyẹn.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé irú igi wo lẹ fẹ́ máa gé. Tó bá jẹ́ dóńgóyárò, kásíà, mẹ̀láínà àti ẹ̀ka kajú ni, tí kò sì nípọn ju itan àgbàlagbà lọ, ẹ̀rọ 45 cc bíi Stihl MS 250 tó ní báà 16 ínṣì tó yín gan-an (báà ni irin gbọọrọ tí ṣéènì ń sáré yí ká). Tó bá jẹ́ ayin, tó le bí irin, tẹ́ ẹ sì ń gé e lójoojúmọ́ fún ilé búrẹ́dì tàbí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ẹ wá èyí tó wà láàárín 50 sí 60 cc, kí báà ẹ̀ jẹ́ 18 ínṣì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta báà gígùn fún yín sórí ẹ́ńjìn kékeré, ńṣe ló máa sun ẹ́ńjìn yẹn. Igi tó bá nípọn ju báà lọ, ẹ gé e láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí i, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ wo ara ẹ̀rọ bóyá nọ́ńbà ẹ̀ wà lára irin, tí owó ẹ̀ bá sì fi bí ìlàjì kéré sí iye tí wọ́n ń tà á níbòmíì, ẹ fura. Ẹ tún bèèrè bóyá púlọ́ọ̀gì, fílítà àti ṣéènì ẹ̀ wà nílùú yín, torí ẹ̀rọ tó dáa tí ò ní sípíàpáàtì nítòsí, igun ilé ló máa wà. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ mú ọwọ́ okùn tí wọ́n fi ń sítáàtì ẹ̀ dání, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rọ̀ sórí okùn yẹn láìtan iná ẹ̀. Tó bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, agbára ṣì wà nínú ẹ̀, àmọ́ tó bá já wálẹ̀ gbà, ríìngì tó yí písítìnnì ká ti jẹ. Kí ẹni tó ń tà á tún bá yín tú sáléńsà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìnnì, tí ara ẹ̀ bá ti ha ní ìlà ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tó ń ha á bẹ́ẹ̀ náà ni epo tí wọn ò pò dáadáa. Ẹ́ńjìn yìí ò ní ibi tí ọ́ìlì ẹ̀ ń gbé bíi ti mọ́tò, inú pẹtiróòlù ni ọ́ìlì ẹ̀ wà, nítorí náà ẹni tó bá da pẹtiróòlù lásán sí i ti pa á nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ojúlówó ọ́ìlì two-stroke (ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù) tí wọ́n kọ 50:1 sí lára, ìyẹn ìdá kan ọ́ìlì sí ìdá 50 pẹtiróòlù, 100 ml lẹ máa dà sínú pẹtiróòlù lítà 5. Tó bá jẹ́ 2T tí wọ́n ń lò fún ọ̀kadà two-stroke ló wà, ẹ jẹ́ kó tó 200 ml nínú lítà 5 yẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n o, ẹ má fojú díwọ̀n, ẹ má sì lo ẹ́ńjìn ọ́ìlì mọ́tò dípò ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa lò láàárín oṣù kan ni kẹ́ ẹ pò, torí epo tó bá ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì kì í jó dáadáa mọ́.

Ẹ padà wá sórí ṣéènì, torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ wo ìdọ̀tí igi tó ń jáde. Tó bá ń jáde ní ègé ègé bí ẹni fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi, ṣéènì mú. Tó bá ń jáde kúnná bíi èlùbọ́, tó tún ń rú èéfín, tẹ́ ẹ wá ń fi agbára tì í wọ inú igi, ẹ dúró, ẹ pọ́n ọn. Fáìlì roboto ni, ó sì ní nọ́ńbà: ṣéènì tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ .325 ínṣì ń lo fáìlì 4.8 mm, ti 3/8 ínṣì ńlá ń lo 5.2 mm. Ìlà kan wà lórí eyín kọ̀ọ̀kan tó máa ń fi hàn yín bí fáìlì ṣe máa dagun, nǹkan bíi dígírì 30, láti inú síta lẹ sì máa tì í, ẹ má fà á padà sínú. Iye ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fáìlì lórí eyín àkọ́kọ́, iye yẹn náà lẹ máa tì í lórí ìyókù, torí tí eyín ẹ̀gbẹ́ kan bá kúrú ju ti èkejì, ẹ̀rọ á máa gégi wọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ọmọ eyín kékeré tó wà níwájú eyín gan-an, òun ló ń díwọ̀n bí eyín ṣe máa bu igi jẹ tó. Lẹ́yìn pípọ́n bí 4 tàbí 5, ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kó fi bíi 0.65 mm rẹlẹ̀ sí eyín. Ẹ má rẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀rọ á máa ta ni.

Ohun tó tètè ń pa ṣéènì ni yanrìn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi igi míì gbé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gé sókè kúrò nílẹ̀. Dóńgóyárò ẹ̀bá títì náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ìṣó tí wọ́n fi kan pósítà olóṣèlú ti wọ inú igi lọ tipẹ́. Ìrókò máa ń ní òkúta gidi nínú, igi ọ̀pẹ náà ń mú kí ṣéènì kú bí ẹni ń gé yanrìn ni.

Kọ́ńdẹ́ḿdì ọ́ìlì tí gbogbo wa ń dà sí ibi ọ́ìlì ṣéènì (ó yàtọ̀ sí ibi tí epo ẹ́ńjìn wà, ṣéènì nìkan ló ń fi ọ́ìlì pa lára) ń dùn mí gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àmọ́ lẹ́búlẹ́bú irin wà nínú ẹ̀, ó ń jẹ báà, ó ń dí pọ́ǹpù, ó tún ń ta sí ara ẹni tó ń gégi, kò dáa fún awọ ara rárá, ó lè fa jẹjẹrẹ. Tẹ́ ẹ ò bá rí ọ́ìlì ṣéènì rà, ẹ lo ọ́ìlì ẹ́ńjìn tuntun tí wọ́n kọ SAE 30 tàbí 40 sí lára. Ẹ dorí báà kọ pákó funfun, ẹ fi ìka tẹ iná ẹ̀rọ kí ṣéènì sáré, kẹ́ ẹ rí ìlà ọ́ìlì lórí pákó yẹn, tẹ́ ẹ ò bá rí i ẹ má gégi.

Lásìkò ọyẹ́, fílítà ìmí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ́ lójoojúmọ́. Ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Àpá kan wà lórí itan òsì mi láti ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Búréèkì ṣéènì (ohun tó ń dá ṣéènì dúró tí ẹ̀rọ bá ta) ẹ̀rọ tí mo lò lọ́jọ́ náà ti bàjẹ́, mo mọ̀, mo sì ń sọ pé ọ̀la ni n máa tún un ṣe. Orí báà kàn igi míì tó wà lẹ́yìn èyí tí mo ń gé, ẹ̀rọ ta padà kí n tó mira. Òkè orí báà yẹn ló léwu jù, ẹ má jẹ́ kó kan nǹkan kan láé. Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi dì í mú, kí àtàǹpàkò òsì yí ọwọ́ iwájú ká, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka, ẹ bo ojú àti etí yín. Ẹ̀rọ tí búréèkì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ẹ má sítáàtì ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹ dẹ ṣéènì díẹ̀, torí ó máa ń súnkì tó bá tutù. Tí òjò bá dé tẹ́ ẹ ò ní lò ó fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ da epo inú ẹ̀ kúrò, ẹ sítáàtì ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀ kí epo má bàa gbẹ mọ́ kabọrétọ̀. Ẹ tú ṣéènì, ẹ fi ọ́ìlì pa á lára, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó.