Bí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ṣe di Freedom Park

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Broad Street l'Ékòó ní 1882, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n sì fi bo òrùlé. Kò pẹ́ rárá. Àwọn tí ìjọba àjèjì kò bá lára mu a máa ju iná wọlé látìta, òrùlé a sì gbiná. Ní 1885, ìjọba ná £16,000, wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún un mọ. Ẹ gbọ́ ná, bíríkì tó la òkun já nítorí àtisé èèyàn mọ́lé!

Ọgbà yẹn gba àgbà. Herbert Macaulay wọ ibẹ̀. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ ibẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Anthony Enahoro àti Lateef Jákàńdè, gbogbo wọn ló mọ inú rẹ̀. Àwọn ìyẹn rí ẹni rántí wọn. Ta ló ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n so rọ̀ níbẹ̀?

Òmìnira dé ní 1960, ẹ̀wọ̀n kò kúrò. Ọdún 1979 ni wọ́n tó wó o, ilẹ̀ tí owó ń wá kiri láàárín ìlú yìí sì di ààtàn.

Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990 pé kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí ojú ẹ̀wọ̀n náà ṣì hàn. Lára ògiri àtijọ́ ṣì dúró. Ẹni tó bá wo ìlà ibi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tò sí yóò rí bí ibẹ̀ ṣe há tó. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn rọ̀ gan-an ni wọ́n gbé pèpéle orin àti eré sí. Ó lè kọ́kọ́ ṣe èèyàn bákan láti jó níbẹ̀. Lójú tèmi, ó sàn ju ilé gogoro tí báńkì ì bá kọ́ lé e lọ.

Oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, ni wọ́n ṣí i, lábẹ́ ìjọba Babátúndé Fáṣọlá. Láti ìgbà náà ni àwọn olórin, òṣèré àti oníṣẹ́ ọnà ti ń lò ó, àwọn òǹkọ̀wé náà sì ń pàtẹ ìwé níbẹ̀.