Bẹ́líìtì tó ba fíníṣíìn ọ̀bẹ yín jẹ́ kì í sábà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn

Ẹ gbé ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bẹ́líìtì oníyanrìn orí gíráíńdà lọ̀ tán lọ sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni mò ń wí o, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù, kẹ́ ẹ wá máa yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà méjì mẹ́ta tó jìn láàárín àwọn ìlà wẹ́wẹ́, bẹ́líìtì nọ́ńbà 60 tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló fà wọ́n, nọ́ńbà 400 tẹ́ ẹ fi parí ò mọwọ́mẹsẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni yanrìn orí bẹ́líìtì ṣe máa ń tóbi tó). Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí pé bẹ́líìtì wo làwọn máa rà kí ọ̀bẹ àwọn lè mọ́ tónítóní, ṣe ni wọ́n ń retí kí n dárúkọ bẹ́líìtì olówó ńlá kan tó máa bo gbogbo àṣìṣe mọ́lẹ̀, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nọ́ńbà 400 ò lágbára àtigbẹ́ irin débi ìsàlẹ̀ ìlà tí 60 fà, etí ìlà yẹn ló máa dán, ìlà náà á wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó dáa ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lórí 60 bọ́ sórí 120, ẹ yí ọwọ́ yín díẹ̀ kí ìlà tuntun lè dábùú ti àtijọ́, ẹ ò ní kúrò lórí 120 títí tẹ́ ẹ ò fi ní rí ìlà kankan tó dorí kọ ibi ti àkọ́kọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ṣe tẹ́ ẹ bá dé 220 àti 400. Ẹ lè fi máákà kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ kẹ́ ẹ tó gbé bẹ́líìtì tuntun sí i, ibi tí yíǹkì bá ṣẹ́ kù sí, bẹ́líìtì ò tíì kàn án níbẹ̀. Ìdí ọ̀bẹ lẹ́bàá èèkù ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa, ibẹ̀ ni ìlà máa ń sá pamọ́ sí jù, torí igun bẹ́líìtì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe àárín ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ irú bẹ́líìtì. Èyí tí yanrìn orí ẹ̀ jẹ́ séráámíìkì ni mo máa ń lò fún iṣẹ́ líle, ìyẹn 36 àti 60, ṣùgbọ́n ó fẹ́ agbára, ó sì fẹ́ eré. Yanrìn orí ẹ̀ máa ń fọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ibi tó fọ́ yẹn ló máa ń mú bí ẹnu ọ̀bẹ tuntun. Tẹ́ ẹ bá wá ń fọwọ́ ra á, kò ní fọ́, á kàn máa dán ni, ẹ máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, bẹ́ẹ̀ irin á ti gbóná kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ra séráámíìkì fún 220 sókè, bẹ́líìtì oníyanrìn aluminium oxide tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ máa ṣe é, tàbí bẹ́líìtì Trizact ti ilé iṣẹ́ 3M tápò bá gbà á. Trizact yìí máa ń da orí èèyàn rú torí nọ́ńbà ẹ̀ ń lọ sẹ́yìn: A300 ló rọ́fù, A16 ló kúnná, torí bí yanrìn ẹ̀ ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà náà. A45 sún mọ́ P400, A16 sún mọ́ P1200.

Nọ́ńbà tó ní P níwájú àti èyí tí ò ní in kì í ṣe ọ̀kan náà o. P ni ti Yúróòpù, èyí tí ò ní P sábà máa ń jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Nísàlẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ tó bá ti ń lọ sókè, wọ́n á pínyà pátápátá: 320 Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ P400, 400 wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ P800, 600 wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ P1200. Torí náà ẹni tó lo 400 Amẹ́ríkà tán tó wá gbé P600 sí i, ẹ̀yìn ló ń padà sí, á sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ọ̀bẹ òun ń rọ́fù sí i.

Àwọn kan máa ń tọ́jú bẹ́líìtì 60 tó ti kú, wọ́n á ní ó ti di 120. Irọ́ ni. Yanrìn orí ẹ̀ ò kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀nba tó ṣì mú á máa fa ìlà 60 lọ, àwọn tó ti kú á kàn máa fi irin gbóná. Èépá dúdú tí iná máa ń fi sára irin ni kẹ́ ẹ fi irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ ha.

Ọ̀rọ̀ gbígbóná yìí kì í ṣe eré rárá. Ká ní sípíríǹgì mọ́tò lẹ fi ṣe ọ̀bẹ, ẹ ti mú un gbóná kẹ́ ẹ tó ki í bọ epo kó le, ẹ sì ti gbé e sínú ófùn ní nǹkan bíi 200°C kó má baà máa kán. Tí gíráíńdà bá mú un gbóná kọjá ìyẹn, á kọ́kọ́ yí sí àwọ̀ koríko gbígbẹ, tó bá fi máa dé nǹkan bíi 300°C á ti di búlúù, ibi tó di búlúù yẹn ti rọ̀ nìyẹn, ẹ lè lọ àwọ̀ yẹn kúrò o, líle ò ní padà. Ẹnu ọ̀bẹ tó ti tín-ínrín ló máa ń tètè rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi mú un, ìbọ̀wọ́ lè bá bẹ́líìtì lọ, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kẹ́ ẹ máa rì í bọ̀ ọ́ kó tó jó yín lọ́wọ́. Láti 220 lọ, tí ẹ́ńjìnnì yín bá ṣeé dín eré ẹ̀ kù, ẹ dín in kù.

Ẹ̀yìn bẹ́líìtì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n lẹ yanrìn mọ́, náà lọ́rọ̀ o. Èyí tí wọ́n kọ J sí rọ̀, ó dáa fún ibi tó tẹ̀ àti igi èèkù. X le, ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú ló wà fún, torí J lè gbá igun tẹ́ ẹ fẹ́ kó mú dànù. Tí ẹ bá rí àmì ọfà nínú bẹ́líìtì, bó ṣe kọjú ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sá. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì tuntun lọ irin tí ò wúlò fún ìgbà díẹ̀, torí yanrìn kan máa ń yọ sókè ju àwọn tó kù lọ lórí ẹ̀.

Scotch-Brite, ìyẹn bẹ́líìtì tó rí bíi kànrìnkàn, ńkọ́? Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀bẹ ilé ìdáná fani mọ́ra, mo sì máa ń lò ó, àmọ́ ó máa ń sọ igun tó mú di rìbìtì, kò sì ní bo ìlà tó jìn.

Nígbà òjò, ẹ má fi bẹ́líìtì kọ́ orí ìṣó, ẹ wá páìpù ńlá fi kọ́ ọ, torí bẹ́líìtì tó ti fa omi máa ń ká etí kò, etí tó ká kò yẹn á sì máa fa ìlà sí ọ̀bẹ. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ náà máa ń já tó bá ti pẹ́, ẹ má dúró síwájú ẹ̀ gan-an nígbà tẹ́ ẹ bá ń tanná sí i. Ìbòmú sì pọn dandan, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí eruku igi àti iná tó ń ta lára irin wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì ìgberuku kan náà, iná máa ń sọ níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn gíráíńdà yín, torí bẹ́líìtì 2 ínǹṣì lọ́nà 72 tí Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ nǹkan bíi 50 lọ́nà 1830 mílímítà, àwọn ará Yúróòpù kan sì ń lo 50 lọ́nà 2000, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fà á tó máa bá a mu. Tówó ò bá pọ̀, 60 àti 120 ni kẹ́ ẹ ra jù, kẹ́ ẹ ra 220 ìwọ̀nba, kẹ́ ẹ fi 400 sílẹ̀. Sánpépà omi tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò máa ṣe iṣẹ́ 400 yẹn: ẹ wé e mọ́ irin pẹlẹbẹ, ẹ fi omi ọṣẹ sí i, kẹ́ ẹ fi pa gbogbo ìlà 220 rẹ́. Tó bá wá ku fífà tó gbẹ̀yìn, ẹ mú sánpépà tuntun, ẹ fà á láti ìdí èèkù dé ṣónṣó, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kẹ́ ẹ tún padà sí ìdí. Ẹ má máa fà á lọ fà á bọ̀, torí ibi tọ́wọ́ bá ti yí padà ló máa ń fi àmì tó tẹ̀ bí ìwọ̀ sílẹ̀.