Kí ẹ tó pinnu bóyá ká yọ ilé ọmọ abo ajá yín, ẹ wo géètì yín

Ìbéèrè tí àwọn tó ń sin abo ajá máa ń bi mí jù ni pé, "Dókítà, kí ẹ tó yọ ilé ọmọ rẹ̀ kó má baà bímọ mọ́, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ bímọ lẹ́ẹ̀kan ná?" Kò pọn dandan rárá. Bíbímọ lẹ́ẹ̀kan kò fi nǹkan kan kún ìlera ajá. Èmi náà máa ń bi wọ́n pé: ta ni yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tó bá ń wá akọ?

Láti nǹkan bí oṣù 6 sí ọdún 1 ni abo ajá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Àwọn ńláńlá bíi Boerboel lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oṣù 6 tàbí 7 bá sì yí po, á tún dé, á sì gbà tó ọ̀sẹ̀ 3. Níbi tí géètì kì í ti í pa dé, tí ajá àdúgbò ń rìn bó ṣe wù wọ́n, ọ̀sẹ̀ 3 gùn púpọ̀. Akọ ajá á fo ògiri tí ẹ rò pé ó ga tó. Ní nǹkan bí ọjọ́ 63 sígbà náà, àwọn ọmọ ajá tẹ́nì kankan ò bèèrè ti balẹ̀, kálukú wọn á sì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Oyún nìkan kọ́ ni wọ́n ń kó níta. Jẹjẹrẹ kan wà tí ajá ń kó ran ajá nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn, ó sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ á máa kán lójú ara abo, àwọn tó ni ín á ní àsìkò rẹ̀ ló dé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ju oṣù kan lọ tí kò dá, ẹ tètè gbé e wá. Ó ń gbọ́ oògùn.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni kí ilé ọmọ kún fún ọyún. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù 2 lẹ́yìn tó bá wá akọ tán ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá sí ajá tó ti dàgbà. Á máa mu omi ṣáá, á máa tọ̀ ṣáá, oúnjẹ ò ní wù ú, á máa bì. Bí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí, ẹ ó rí ọyún tó ń jáde. Bó bá pa dé, ẹ ò ní rí nǹkan kan àfi ikùn tó ń wú, ìyẹn ló sì burú jù. Iṣẹ́ abẹ tí ẹ sá fún náà la ó wá ṣe, lára ajá tó ti ń kú lọ, ní owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń gún fún un kó má baà wá akọ ń fi kún ewu yìí. Mi ò kì í gún un.

Yíyọ ilé ọmọ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ajá á máa tètè sanra, ẹ ó dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Àwọn ńlá mìíràn á máa tọ̀ sára lójú oorun, oògùn rẹ̀ wà. Ní ti Rottweiler, ìwádìí fi hàn pé èyí tí wọ́n bá yọ tirẹ̀ kó tó pé ọdún 1 máa ń ní àìsàn oríkèé àti jẹjẹrẹ egungun ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, bí ọgbà yín bá dáa, ẹ jẹ́ kí ajá ńlá kọjá ọdún 1. Ajá ìbílẹ̀ tó ń jáde? Mo fẹ́ ẹ ní bí oṣù 6, kó tó wá akọ rárá. Ó tún ń dín ewu kí kókó yọ nínú ọmú rẹ̀ kù lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ má gbé e wá lásìkò tó ń wá akọ, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń wú nígbà náà. Ẹ fún un ní oṣù 2 sí 3. Ẹ sì jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá wa máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é lórí tábìlì ilé yín láìyẹ nǹkan kan wò, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ẹni tó bá fẹ́ máa ta ọmọ ajá, kó fi ilé ọmọ sílẹ̀, kó sì ní owó iṣẹ́ abẹ nípamọ́ fún ọjọ́ tí ìrọbí bá há. Nígbà tí kò bá fẹ́ kó bí mọ́, kó gbé e wá nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.