Bí Ọdẹ Grouse Ṣe Ń Lọ ní Bìrìtéènì, àti Ohun Tó Dá Ìjà Sílẹ̀

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ni òfin gba ìbọn láyè láti dún sí ẹyẹ grouse pupa lórí àwọn òkè àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland. Grouse sanra, ó jọ àparò. Kò sẹ́ni tó ń sìn ín nínú àgò. Ẹyẹ igbó ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le, torí iye ẹyẹ tí ọdẹ yìí ń fẹ́ ju èyí tí òkè lè dá mú jáde lọ.

Àwọn tó sanwó kì í rìn kiri. Inú ibùba tí wọ́n tò ní ìlà ni wọ́n ń dúró sí. Àwọn òṣìṣẹ́ á gba òdì kejì wá, wọ́n á máa ju àsíá, wọ́n á máa pariwo, títí ẹyẹ á fi fò bọ́ sójú ìbọn. Iye tí wọ́n retí láti pa, tí wọ́n ń kà ní méjì-méjì, ni wọ́n fi ń díye lé ọjọ́ kan. Ẹyẹ díẹ̀ kò lè mówó wọlé.

Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ló wà nídìí ọjọ́ yẹn. Heather, igi kúkurú olódòdó àlùkò tó bo òkè, ni grouse ń jẹ. Ọ̀mùnú rẹ̀ ló ń jẹ, abẹ́ èyí tó gbó ló ń sá pamọ́ sí. Àwọn olùtọ́jú ilẹ̀ á wá máa sun ún ní abala-abala, kí méjèèjì lè wà nítòsí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí òkè Yorkshire míì fi dà bí aṣọ alábùlẹ̀. Iná yìí náà ní ẹjọ́ tiẹ̀, torí peat, ilẹ̀ dúdú tó ti ara ewéko jíjẹrà wá, ló wà nísàlẹ̀, ó sì ń kó kábọ́ọ̀nù pa mọ́. Láti 2021 ni òfin ti ń dín sísun rẹ̀ kù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n tún ń da òkúta wẹ́wẹ́ olóògùn sílẹ̀. Ẹyẹ á gbé e mì nítorí iwe rẹ̀, oògùn á sì pa aràn inú rẹ̀. Wọ́n ń pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti kannakánná pẹ̀lú, ká sì sọ òótọ́, èyí ń ṣe àwọn ẹyẹ míì tó ń yé sílẹ̀, bíi curlew, láǹfààní.

Ti hen harrier ló dìjà. Àṣá ni, òfin sì ti ń dáàbò bò ó láti 1954, ṣùgbọ́n ọmọ grouse dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ní Langholm, gúúsù Scotland, wọ́n ṣe ìwádìí láàárín 1992 sí 1997. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pa àṣá níbẹ̀, wọ́n pọ̀ sí i débi pé ọdẹ ibùba kógbá sílé. Níbòmíì, àṣá ló ń pòórá. Nínú 58 tí wọ́n so ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mọ́ lára, ìwádìí 2019 sọ pé ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n pa lòdì sófin, tàbí tó dájú gan-an pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló sì fẹ́ jẹ́rìí lórí òkè tí èèyàn kì í gbà kọjá?

Ní 2016, èèyàn tó lé ní 120,000 bu ọwọ́ lùwé pé kí wọ́n fòfin de ọdẹ yìí. Ilé aṣòfin jíròrò rẹ̀, ìjọba sì kọ̀. Scotland gba ọ̀nà míì ní 2024: onílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀rí bá tó pé wọ́n pa àṣá lórí ilẹ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo gbà pé òfin yìí ló ní eyín jù.