Ìrìn Tó Bá Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lọ: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Lára Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Láti Ilé

Ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá nítorí àrùn Kòrónà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó máa ń jí láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kó lè tètè rí mọ́tò ní Ìkòròdú kò lọ síbì kankan mọ́. Wọ́n jí, wọ́n tan kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ iṣẹ́ àwọn kan kò padà sí ọ́fíìsì mọ́. Inú wọn dùn pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ, wọn ò mọ̀.

Ìrìn ni. Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé etí títì, ẹsẹ̀ ni. Kéèyàn sáré tẹ̀ lé danfó tí kò dúró dáadáa, ẹsẹ̀ ni. Kó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ọjọ́ta, kó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Kó bọ́ sílẹ̀ ní CMS, kó rìn dé ọ́fíìsì. Kó gun àtẹ̀gùn nítorí iná ti lọ. Kó tún jáde lọ wá oúnjẹ lọ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó ń pe gbogbo ìyẹn ní eré ìdárayá, àmọ́ ara ń kà á. Ní báyìí, láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ìdí tábìlì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ẹlòmíì kò tilẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i kedere pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kọ̀ńdọ́ inú bọ́ọ̀sì kan náà. Awakọ̀ jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti gba owó, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tó ń gùn lójúmọ́ sì tó 500 sí 750. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1953, àìsàn ọkàn pọ̀ lára awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́ lọ. Bákan náà ló rí láàárín àwọn tó ń fẹsẹ̀ pín lẹ́tà àti àwọn akọ̀wé tó ń jókòó sídìí iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n rán fún awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́: ìbàdí ti awakọ̀ fẹ̀ jù. Kọ̀ńdọ́ wọ̀nyẹn kò lọ sí jíìmù kankan o. Iṣẹ́ wọn ló ń gbé wọn rìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò sì ṣòro fún un. Bíbọ̀ sókè ni wàhálà, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ ní láti gun òkè kó tó padà dé àyà. Nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé e bọ̀, ilẹ̀kùn kéékèèké wà tó jẹ́ pé apá òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. Bí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀, iṣan ńlá tó wà lẹ́yìn ojúgun a fún òpó náà bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ, ẹ̀jẹ̀ a ta sókè, ilẹ̀kùn a pa dé lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà padà. Ìṣísẹ̀ kan, fífún kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń pe iṣan yìí ní ọkàn kejì.

Bí ẹsẹ̀ bá dúró lójú kan, ọkàn kejì náà dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa rọra péjọ sísàlẹ̀, omi a máa sun jáde láti inú òpó sínú ẹran. Ẹni tó jókòó láti aago mẹ́jọ tí kò dìde títí di aago mẹ́rin á rí i pé ojú okùn sálúbàtà ti wọ ẹsẹ̀ òun. Bó bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, ibẹ̀ á jin díẹ̀, kò ní tètè kún padà.

Èyí tún jẹ́ ká mọ̀ pé kí wọ́n ra tábìlì gíga láti máa dúró ṣiṣẹ́ kò tó. Sójà tó dúró gbọnin lórí pápá máa ń ṣubú dákú nígbà míì, orí ìdúró náà ló sì wà. Iṣan tí kò mira kò lè ti ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀bà ọ̀sán, ṣúgà a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, inú iṣan sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yẹ kó wọ̀. Ínsúlìnì ló sábà máa ń ṣílẹ̀kùn iṣan fún un. Ṣùgbọ́n iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de ínsúlìnì, fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí rírìn fún ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 kété lẹ́yìn oúnjẹ fi ń mú ṣúgà wálẹ̀, àní lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà pàápàá. Ẹni tó jẹun tán tó padà síwájú kọ̀ǹpútà ti fi àǹfààní yìí sílẹ̀.

Ní ti ọrùn: orí àgbàlagbà wúwo tó kílò 4 sí 5, bó bá sì ti tẹ̀ síwájú ni ẹrù náà ń pọ̀ sí i lórí iṣan ẹ̀yìn ọrùn. Kí wọ́n fi àpótí tàbí ìwé ńlá gbé kọ̀ǹpútà sókè títí ojú rẹ̀ á fi bá ojú dọ́gba, kí wọ́n sì lo kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe ohun tó ń mú èèmí yára díẹ̀ lọ́sẹ̀, kó sì ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Tẹ́lẹ̀, wọn kì í ka èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 2020 wọ́n yọ gbèdéke yẹn kúrò: díẹ̀díẹ̀ náà wọ inú ìṣírò. Ìròyìn ayọ̀ gidi nìyí fún ẹni tó ń gbé yàrá kan, torí fífọ aṣọ lọ́wọ́, pípọn omi, gbígbá àgbàlá, gígún iyán, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Sísáré láàárọ̀ dára púpọ̀, àmọ́ bí wákàtí mẹ́sàn-án ìjókòó bá tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ṣì dákẹ́ fún wákàtí mẹ́sàn-án.

Ìránnilétí orí fóònù kì í pẹ́ kó tó súni. Ohun tó ń pẹ́ ni kí wọ́n so ìrìn mọ́ nǹkan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìpè bá wọlé, kí wọ́n dìde gbà á, kí wọ́n sì máa rìn kiri bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ife kékeré ni kí wọ́n fi mu omi, kí wọ́n lè máa dìde lọ bù ú. Omi náà yóò tún gbé wọn dìde lọ tọ̀. Bí ìpàdé orí Zoom kò bá jẹ́ kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, lábẹ́ tábìlì. Kò sẹ́ni tó máa rí i, iṣan ẹ̀yìn ojúgun á sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dunni tó sì gbóná, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi róòbù pa á.

Àwọn kan ti dá ìrìn ìlọ-síbi-iṣẹ́ padà. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á rìn dé ìkóríta kí oòrùn tó mú, wọ́n á ra àkàrà, wọ́n á wá padà wá tan kọ̀ǹpútà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á pa á dé, wọ́n á sì gba ọ̀nà kan náà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i.