Ọmọ Ìyá Kan Náà Ni Ewé àti Aró

Ìyá ìyàwó kan wá sí ìsọ̀ mi ní ọjà Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ilẹ̀ Benin) níhìn-ín, ó fẹ́ mú aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, èyí tó ń tàn bí òkúta émírádì, mo wá gbé gèlè búlúù lé e lórí, búlúù tó jìn tó sì mọ́, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ń pè ní kóbáàtì. Ojú ìyá náà tàn. Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ló fọwọ́ dá a dúró: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má mú u o. Àwọ̀ méjèèjì yìí kì í bá ara wọn gbé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn òyìnbó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ so wọ́n pọ̀.” Wọ́n mú aṣọ mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, kì í ṣe nítorí ọjà tí n kò tà. Ọmọ ọmọ aláró ni mí. Kétu ni ìyá ìyá mi ti ń rẹ aṣọ láró títí ogbó fi dé, ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí ní ẹ̀bá ìkòkò rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó so ewé pọ̀ mọ́ búlúù. Inú ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ewé tútù ni, ẹni tó bá já a nígbó kò ní rí búlúù kankan lójú rẹ̀. Wọ́n á gún un lódó, wọ́n á ṣù ú ní róbótó bí ìṣù ọṣẹ dúdú, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Lọ́tọ̀, wọ́n á da eérú sínú ajere, wọ́n á bu omi lé e, omi á máa ro tótó-tótó bọ́ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n á da ẹ̀lú sí, wọ́n á dé e, ó di ọjọ́ mélòó kan. Tí ó bá ti kan dáadáa, gbogbo agbo ilé ló máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìyá àgbà kì í wo aago, kì í ka ọjọ́. Ó máa ń ti ìka bọ omi náà, á tọ́ ọ wò, á sì mọ̀ bóyá ó ti tó.

Ìgbà tí aṣọ bá ń jáde ni èmi máa ń dúró dè. Ó ti ri aṣọ funfun bọ ìkòkò, ó ti fọwọ́ yí i kiri nínú rẹ̀, ó wá fà á yọ. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà fi ń jáde! Ewé tó fẹ́ pọ́n díẹ̀, bí ọ̀mùnú àgbàdo lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Kí ènìyàn tó ka ení, èjì dé ogún, etí aṣọ á ti máa di búlúù, búlúù náà á máa rìn wọ àárín. Fún ìgbà díẹ̀ yẹn, ewé wà nínú ìṣẹ́po aṣọ, aró wà lójú rẹ̀, àwọn méjèèjì ń dán pọ̀ nínú omi. N kò tíì rí ohun tó rẹwà tó o láti ìgbà yẹn, mo sì ti ta aṣọ fún ọdún tó pọ̀.

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti ṣàlàyé rẹ̀. Aró kì í yọ́ nínú omi. Kíkan tí ìkòkò ń kan ló ń yí i padà sí ẹ̀dà mìíràn tó lè yọ́, ẹ̀dà yẹn ni àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tó fẹ́ pọ́n, òun ló sì ń wọ inú fọ́nrán òwú lọ. Bí aṣọ bá ti kan atẹ́gùn, ọ́síjìn á dá a padà sí aró, kò ní lè yọ́ mọ́, ó di ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú òwú. Ìyá àgbà kò gbọ́ orúkọ ọ́síjìn rí. Tí a bá ti fẹ́ ká aṣọ kíákíá, ohun tó máa ń wí ni pé, “Ẹ jẹ́ kó mí.”

Ẹ wá wo èdè wa fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la mọ àdúrà yìí: Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, Lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ẹyẹ mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta: dúdú, pupa, funfun. Ibo ni ẹyẹ tó ni ewé wà? Kò sí, nítorí abẹ́ dúdú ni àwọn baba wa fi ewé sí pẹ̀lú aró. Oko tí òjò bá rọ̀ sí dáadáa, a máa ń sọ pé ó dúdú minimini, kò sì sí ẹni tó máa rò pé iná ló jó o. Aṣọ tí aró bá mu dáadáa, dúdú náà la ó pè é. Kódà ìdè Ifá tí àwọn babaláwo ń so mọ́ ọwọ́, orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ ni otútù, èkejì ni ọpọ̀n. Títutù rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. “Búlúù” tí a ń pè lónìí, ẹnu òyìnbó la ti gbà á. Nítorí náà, ní ojú àwọn àgbà, ẹni tó fi ewé lé aró, dúdú ló fi lé dúdú. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ó tún ní ẹ̀rí mìíràn tó ti pẹ́ ju aṣọ lọ. Ilé-Ifẹ̀ ni Kétu àti Sábẹ ń tọ́ka sí bí orírun, ní Ifẹ̀ yẹn, nínú Igbó Olókun, wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Abidemi Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni, láti inú yanrìn àti òkúta ilẹ̀ wọn. Kóbáàtì, èròjà kan tó máa ń wà nínú òkúta, wà lára ohun tó fún àwọn ìlẹ̀kẹ̀ búlúù náà láwọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé tí o bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, búlúù lo máa rí. Tí o bá gbé e dojú kọ oòrùn, ewé lo máa rí nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo! Àwọn ṣẹ̀gi kan náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó so irú rẹ̀ mọ́ ọrùn ọba ti fi àwọ̀ méjèèjì ṣe ọ̀ṣọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó da ọ̀dà sínú agolo.

Ní ilẹ̀ àwọn mìíràn, iná ààrò ló mú wọn pọ̀. Amọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sun títí yóò fi dán, kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló lè fara da iná rẹ̀. Bàbà fara dà á, ó di ewé. Kóbáàtì fara dà á, ó di búlúù. Àwọn amọ̀kòkò Mùsùlùmí ló mú ọgbọ́n yìí dé ilẹ̀ Sípéènì, a sì ṣì lè rí táìlì aláwọ̀ ewé, búlúù àti funfun lára ògiri ààfin Sintra ní Pọ́túgà, èyí tí wọ́n kó wá láti Sevilla ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500.

Ọ̀dà inú agolo ni ìtàn rẹ̀ korò. Orúkọ “kóbáàtì” pàápàá, ọ̀rọ̀ Jámánì tó túmọ̀ sí iwin ló ti wá: àwọn awakùsà máa ń rí òkúta kan tó jọ èyí tó ní fàdákà nínú, wọ́n á yọ́ ọ, wọn ò ní rí fàdákà, èéfín rẹ̀ á tún pa wọ́n lára nítorí májèlé áséníìkì inú rẹ̀, wọ́n ní iwin ló ń bá wọn ṣeré. Ní ọdún 1802, ìjọba Faransé ní kí Thénard, onímọ̀ kẹ́míkà kan, wá búlúù tí àwọn ayàwòrán lè rà, nítorí òkúta búlúù tó ń ti Afghanistan wá ti wọ́n jù. Ó sun kóbáàtì pọ̀ mọ́ álúmínà, ìyẹ̀fun funfun kan, búlúù kóbáàtì jáde. Ọdún méjìlá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1814, ilé iṣẹ́ kan ní Schweinfurt, Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní ewé émírádì. Bàbà ni, àti áséníìkì. Àwọ̀ náà dán débi pé wọ́n fi ṣe bébà ara ògiri, wọ́n fi rẹ aṣọ obìnrin, wọ́n fi kun òdòdó tí wọ́n ń fi sórí fìlà. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ọwọ́ kun òdòdó wọ̀nyẹn ló jìyà rẹ̀; ọ̀kan kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1861, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi àwọ̀ náà pa kòkòrò lóko. Ewé tí à ń rà lónìí kì í ṣe òun mọ́, orúkọ rẹ̀ ló kù, mo sì ń dúpẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn Faransé kan tó ń jẹ́ Chevreul ju àwọn yòókù lọ, nítorí aláró ni òun náà: òun ló ń darí iṣẹ́ aró rírẹ ní Gobelins, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ògiri fún àwọn ọba. Àwọn kan ń ráhùn pé àwọ̀ òwú wọn kò mọ́lẹ̀ tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe àwọ̀ náà, àwọ̀ tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1839. Ewé àti búlúù, aládùúgbò ni wọ́n nínú òṣùmàrè, wọ́n lè bo ara wọn mọ́lẹ̀ tí agbára wọn bá dọ́gba. Ìyẹn ni àbúrò ìyá ìyàwó yẹn rí, mi ò sì lè bá a jiyàn lórí rẹ̀. Àmọ́ ó ní oògùn: mú kí ọ̀kan jìn ju èkejì lọ, tàbí kí o la funfun sí wọn láàárín.

Oògùn yẹn wà lára ilé Àgùdà ní ìlú wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà wá láti Bahia ní Bùràsíìlì, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ní 1835, ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè wá ní Nàgó níhìn-ín. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀, wọ́n tún mú ojú àwọ̀ bọ̀: ògiri gba àwọ̀ kan, etí fèrèsé àti ọwọ̀n gba òmíràn. Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní àwọn ọdún 1910, ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ìyeyè, ewé, búlúù àti àwọn àwọ̀ mìíràn sì wà lára rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá lórí sẹ́mì, mo máa ń bẹ ọlọ́kadà náà kó rọra lọ.

Ní Kétu, ọ̀nà mìíràn ló gbà dé. Ẹfun, osùn àti aró ni wọ́n fi ń kun igi kí ọ̀dà tó dé. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ dé ọjà, èyí tí àwọn Faransé àti Jámánì rí ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, àwọn agbẹ́gilére gbà á bí àbúrò aró, wọ́n fi kun irun ère ìbejì. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé dé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jókòó tì í lórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni.

Aṣọ tí mo ń tà gan-an ń jẹ́rìí. Ní Helmond, ilẹ̀ Họ́láǹdì, níbi tí ilé iṣẹ́ Vlisco ti bẹ̀rẹ̀ ní 1846, oje gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ sára aṣọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í bọ aró, kí àwọ̀ mìíràn tó tẹ̀ lé e. Aró ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ewé tí ẹ bá rí lára irú ańkárá bẹ́ẹ̀, aró ló bá nílé.

Ní oṣù tó kọjá mo lọ sí Kétu, mo ra ìṣù ẹ̀lú mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan, mo gbé ìkòkò kékeré kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi. Ó kan, àwọn ará ilé ráhùn, mo bẹ̀ wọ́n. Ní àárọ̀ Sátidé, mo pe ọmọ mi obìnrin, mo ní kó máa kà bí mo bá ti fa aṣọ yọ. Mo fà á yọ. Ó pariwo, “Ìyá mi, ewé ni!” ó sì gbàgbé láti kà. Mo tún ri òmíràn bọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó ka mẹ́tàdínlógún kí etí aṣọ tó yí padà, ó sì na ọwọ́ kó ká a, mo ní kó jẹ́ kó mí.