Requiem Mozart: ta ló parí rẹ̀, kí sì ni kí ẹ tẹ́tí sí?

Orúkọ Mozart ló wà lára ìwé ètò Requiem, orin Mísà òkú. Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń sọ pé òun kọ́ ló kọ ọ́?

Òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ikú ni kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó kú ní Vienna lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1791, ẹni ọdún 35. Introit, apá àkọ́kọ́ nínú Mísà òkú yìí, nìkan ló kọ tán pátápátá, tohùn tohun èlò. Láti Kyrie, apá tó tẹ̀ lé e, títí dé apá tí wọ́n ń pè ní Hostias, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọn akọrin ló kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìlà báàsì tí atẹdùùrù máa tẹ̀ lé, àti ìtọ́ka díẹ̀ níbi tó ti fẹ́ kí ohun èlò kan dá nǹkan ṣe. Lacrimosa, ọ̀kan lára àwọn apá náà, já lójijì ní bar (ìwọ̀n orin) kẹjọ. Ìparí Hostias ló ti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ pé kí wọ́n padà sí "Quam olim Abrahae", ibi tí wọ́n ti kọ ṣáájú. Ẹnì kan já igun ojú ewé tí ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Brussels lọ́dún 1958, a ò sì tíì rí i títí di òní.

Constanze opó rẹ̀ kò lè gba ìyókù owó iṣẹ́ láìjẹ́ pé orin náà pé. Ó kọ́kọ́ gbé e fún Joseph Eybler, olórin kan tó fi ohun èlò sí díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó dá a padà. Olórin mìíràn, Franz Xaver Süssmayr, ló wá parí rẹ̀. Ó ní òun lòun kọ Sanctus, Benedictus àti Agnus Dei. Fún apá ìkẹyìn, orin Introit àti ti Kyrie ló tún lò, ó kàn fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí i ni. Nítorí náà, orin tí ẹ máa gbọ́ gbẹ̀yìn, ti Mozart ni.

Ta ló bẹ iṣẹ́ náà? Ṣé Salieri, olórin tí àwọn ìtàn ní ó bá Mozart díje, ni?

Rárá o. Count Franz von Walsegg ni, ìjòyè kan tí ìyàwó rẹ̀, Anna, kú ní oṣù Kejì ọdún 1791. Ó máa ń ra orin lọ́wọ́ àwọn olórin, á fọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, á wá ní kí àwọn èèyàn sọ ẹni tó kọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló darí Requiem yìí ní Wiener Neustadt lọ́jọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1793, bíi pé tirẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ jù: Gottfried van Swieten, ọ̀kan lára àwọn alátìlẹ́yìn Mozart, ti ṣètò pé kí wọ́n kọ ọ́ ní Vienna lọ́jọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún náà, láti fi wá owó fún Constanze. Lára ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Walsegg, wọ́n fọwọ́ sí i ní orúkọ Mozart, wọ́n sì kọ ọdún 1792 sí i. Òkú ọdún 1791 ń buwọ́ lùwé lọ́dún 1792!

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹ̀dà tí wọ́n ń kọ?

Lacrimosa ni kí ẹ fetí sí. Sópránò á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí dé A lókè ní "homo reus". Ibẹ̀ ni ọwọ́ Mozart tán sí. Bí "Amen" bá parí pẹ̀lú àkọ́ọ̀dù (nóòtì mélòó kan tó dún pọ̀) méjì péré, ẹ̀dà Süssmayr ni. Bí fugue gígùn (orin tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń wọlé tẹ̀ léra pẹ̀lú orin kan náà) bá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀dà Robert Levin tàbí Richard Maunder, àwọn onímọ̀ orin òde òní tó tún un parí, ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Ìdí ni pé láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n rí àkọsílẹ̀ kékeré kan ní Berlin tí Mozart ti bẹ̀rẹ̀ "Amen" bíi fugue. Bí ẹ kò bá gbọ́ Sanctus rárá, Maunder ni: ó yọ ọ́ dànù.

Àmì mìíràn wà fún ẹni tí etí rẹ̀ mú. Àṣà ni pé kí "Osanna" méjèèjì, èyí tó parí Sanctus àti èyí tó parí Benedictus, wà ní key (ipò ohùn tí orin dúró lé) kan náà. Süssmayr fi ti àkọ́kọ́ sí D major, ó fi ti èkejì sí B-flat major. Lójú tiwa, àṣìṣe nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n.

Kí ló dé tí ohùn rẹ̀ fi ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀?

Mozart yọ flute, oboe, clarinet lásán àti horn kúrò. Ohun tó fi sílẹ̀ ni basset horn 2, bassoon 2, trumpet 2, trombone 3, timpani, àwọn olókùn, àti dùùrù. Basset horn, ìbátan clarinet, máa ń lọ sísàlẹ̀ ju clarinet lọ. Ìwọ̀nba èèyàn ló ní in, nítorí náà àwọn kan máa ń fi clarinet rọ́pò, àmọ́ àwọn nóòtì ìsàlẹ̀ kan kò ní í ṣeé fọn.

Àìsí oboe tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: oboe ló sábà máa ń fún gbogbo ẹgbẹ́ ní nóòtì A tí wọ́n fi ń tún ohùn ohun èlò wọn ṣe. Níbí, dùùrù ni. Dùùrù onípáìpù kò ṣeé yí lójú ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gòkè bí gbọ̀ngàn bá ṣe ń gbóná. Ẹ má ṣe tún àwọn ohun èlò yòókù ṣe bá dùùrù nínú gbọ̀ngàn òfìfo kí ẹ sì gbà pé ó ti parí. Ẹ tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kún, tí iná sì ti wà ní títàn.

Kúáyà wa fẹ́ kọ ọ́. Ibo ló ti máa ń dàrú?

Kyrie lákọ̀ọ́kọ́. Orin méjì ló ń sá pọ̀: "Kyrie" ń fò láti nóòtì dé nóòtì, "Christe" ń sáré. Àwọn akọrin máa ń tẹ nóòtì kọ̀ọ̀kan nínú "Christe" mọ́lẹ̀, wọ́n á wúwo, wọ́n á wá máa sáré láti lé ara wọn bá. Ẹ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí "di-di-di", ẹ fi agbára sí nóòtì àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin nìkan, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ sí i.

Èyí tó ń dójú ti kúáyà jù ni "Oro supplex" nínú Confutatis. Key ń já wálẹ̀ ní ìdajì ohùn, láti A minor sí A-flat minor, sí G minor. Ẹni tó ń ka sol-fa, bíi ti ọ̀pọ̀ kúáyà ilé ìjọsìn wa, á rí i pé "dò" kò dúró sójú kan. Ẹ dúró lórí àkọ́ọ̀dù tó parí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi dùùrù yẹ̀ ẹ́ wò.

Trombone mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ̀ lé áltò, ténọ̀ àti báàsì nóòtì sí nóòtì, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé ìjọsìn Austria nígbà náà. Trombone òde òní tóbi ju ti ìgbà yẹn lọ, ó sì máa ń bo áltò mọ́lẹ̀. Ẹ wá alto trombone fún ti àkọ́kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu fèrè kọjú sí olùgbọ́.

Ẹ tún pinnu irú Látìnì tí ẹ máa pè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. "Luceat" ní ti àwọn ará Italy jẹ́ "lu-che-at", ní ti Vienna ó jẹ́ "lu-tse-at". Méjèèjì ló dára; àdàpọ̀ ni kò dára.

Níkẹyìn, ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà kan náà ni kúáyà àti ọ́kẹ́sítírà mú lọ́wọ́. Kúáyà tó mú Süssmayr dání yóò jókòó pẹ̀lú àkọ́ọ̀dù méjì, nígbà tí ọ́kẹ́sítírà tó mú Levin dání ń bẹ̀rẹ̀ fugue. Fún ẹgbẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìdánrawò púpọ̀, Süssmayr la máa yàn: ìwé rẹ̀ kò wọ́n, ó sì wà níbi gbogbo.